Àpò Ọ̀tún Hoyt

Ní ìlú wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àgbàlagbà tí kì í gbé ìbọn pamọ́ sára, kò sì sí ẹni tí kò mọ ibi tí ẹnì kejì gbé tirẹ̀ sí. Bí ọkùnrin kan bá ń fa ṣòkòtò sókè ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, ìbàdí ló wà. Bí ó bá ń rìn bí ewúrẹ́ tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ ló so ó mọ́. Bí ó bá wọ kóòtù nínú oṣù kẹjọ, tí òógùn ń kán sínú bàtà rẹ̀, abẹ́ apá ni. Arkansas kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń wọ kóòtù nínú oṣù kẹjọ láìnídìí. A kàn máa ń ṣe bí ẹni tí kò rí i ni. Ọmọlúwàbí ni wá.

Èmi ni mò ń tún àwọn ìbọn náà ṣe. Verlon ni orúkọ mi. Tábìlì iṣẹ́ mi wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ìṣó àti oúnjẹ adìyẹ. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi níṣẹ́. Mo tú ìbọn bàbá mi palẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, ó sì gbà mí ní oṣù mẹ́rin kí n tó mọ bí a ṣe ń tò ó padà. Bàbá mi ò fi ìyà jẹ mí. Ó kàn ń bi mí lójoojúmọ́ nídìí oúnjẹ pé, "Ìbọn mi ńkọ́?" Èyí burú ju ìyà lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni Hoyt Lacefield wọlé, tó dúró níwájú tábìlì mi bí ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ bá sọ̀rọ̀.

"Verlon, wọ́n fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ mi."

Mo mọ ẹnu ọ̀nà tó ń sọ. Ọdún méjìlélógún ni Hoyt ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ń bọ àwọn èèyàn lọ́wọ́, tó ń fún ọmọdé àti arúgbó ní súìtì míǹtì láti inú àpò kóòtù rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà tẹ́lẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí Nadine ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọjọ́ Sunday nìkan ló ń rí èèyàn bá sọ̀rọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, ọkọ̀ náà kì í sì í dáhùn bí òtútù bá mú.

"Ṣé Pásítọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ṣebí o gbọ́ òfin rẹ̀. Ìbọn kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Sunday, àlejò kankan ò sì gbọdọ̀ rí i. Ẹni tí wọ́n bá rí ìbọn lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kó lọ jókòó. Mo ti ṣe méjì."

Mo gbọ́ nípa èkíní: ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú ìwé orin tó bọ́ lọ́wọ́ obìnrin kan, kóòtù rẹ̀ sì ká sókè. Ìkejì ṣojú mi. Ìbọn ńlá tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló ń gbé, irin gidi, ó wúwo bí bíríkì. Lọ́jọ́ náà, ṣòkòtò onírọ́bà ló wọ̀. Nígbà tí orin dé ibi tó dùn, Hoyt gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ṣòkòtò sì gba ìsàlẹ̀ lọ. Gbogbo ìjọ rí ìbọn náà. Wọ́n rí nǹkan mìíràn pẹ̀lú.

"Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta," Hoyt ní, "Dub Mayfield ló máa gbà á."

"Dub! Ẹni tó ń bọ èèyàn lọ́wọ́ bí ẹni ń fún aṣọ!"

"Ó bi àlejò kan lọ́jọ́sí pé kí ló wá ṣe. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Verlon! Bá mi wá ìbọn tí ò ní yọ."

Mo nu tábìlì, mo sì to mẹ́ta kalẹ̀. Mo ṣí ilé ọta ìkọ̀ọ̀kan níwájú rẹ̀ kí ó fojú ara rẹ̀ rí i pé ó ṣófo. Kò sí ìbọn tó ń gba ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn lórí tábìlì mi láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ áńgẹ́lì ló mú un wá.

Ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ ń yí ni mo fẹ́ràn jù. Bí o bá fi ìka fà á, irin pẹlẹbẹ kan nínú rẹ̀ á ti ilé ọta náà kó yí dé ojú ihò tó kàn, òmíràn á gbá a mú kó má baà mì, òòlù kékeré á sì sún lọ sẹ́yìn títí á fi já. Gbogbo iṣẹ́ yẹn, ìka kan ṣoṣo ló ń ṣe é. Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti ń wò ó, inú mi ṣì ń dùn bíi pé wọ́n gbé ẹja dídín síwájú mi.

Èkíní gba ọta mẹ́fà, irin ni. Ó dúró dáadáa lọ́wọ́ Hoyt, àmọ́ nígbà tó fi í sínú àpò kóòtù, ó yọ bí ẹni tó jí adìyẹ pamọ́. Ìkejì fúyẹ́ débi pé ó ń wá a nínú àpò tó wà.

"Èyí ni mo fẹ́," ó ní.

"Má kánjú. Èyí tó bá fúyẹ́ nínú àpò kì í fúyẹ́ lọ́wọ́. Ìwúwo ìbọn ló ń gba ìtapadà rẹ̀ mọ́ra. Bí kò bá sí ìwúwo, ọrùn ọwọ́ rẹ ló máa gbà á."

Ó rọra dá a padà bí ẹni ń dá ọmọ ọlọ́mọ padà fún ìyá rẹ̀.

Ìkẹta ló bá a mu. Ọta márùn-ún, ẹnu rẹ̀ kúrú, òòlù rẹ̀ wà nínú lọ́hùn-ún kó má baà há mọ́ aṣọ. Mo tì í bọ inú àpò awọ pẹlẹbẹ kan tó bo ibi tí ìka ti ń fà á, mo sì ní kó fi í sí àpò kóòtù rẹ̀ lọ́tùn-ún. Ó dà bíi pọ́ọ̀sì lásán. Hoyt bẹ̀rẹ̀, ó nà, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì kọ ẹsẹ orin méjì láàárín àpò oúnjẹ adìyẹ. Nǹkan kan ò yọ. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹwà.

"Ó ku òfin kan," mo ní. "Ohunkóhun mìíràn ò gbọdọ̀ bá ìbọn gbé nínú àpò yẹn. Tú ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀."

Ó kó súìtì mọ́kànlá jáde. Ọ̀kan ti hu irun.

"Àpò òsì ni kí wọ́n máa gbé báyìí," mo sọ fún un, ó sì kó wọn síbẹ̀.

Bí a ti ń sọ̀rọ̀ ni Màmá Ottie Crenshaw wọlé wá ra oúnjẹ adìyẹ. Màmá yìí ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ó ti sin ọkọ mẹ́ta, ìjókòó tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù lọ ló sì máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí Hoyt bó ti ń ṣe ní gbogbo Sunday.

"Hoyt, súìtì mi dà?"

Hoyt rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ wọ àpò ọ̀tún, ó jáde, ó sì fi gbogbo ọ̀wọ̀ tó wà lára rẹ̀ gbé ìbọn lé màmá lọ́wọ́.

Màmá Ottie ṣí ilé ọta rẹ̀ láìwo ọwọ́ ara rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gbé e kalẹ̀.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó ní. "Àmọ́ èyí á le jù fún eyín mi."

Hoyt jókòó lórí àpò oúnjẹ adìyẹ. "Ó parí. Dub ti gba ẹnu ọ̀nà."

"Dìde," mo ní. "Ọwọ́ ṣeé kọ́." Mo dá ìbọn tó ṣófo náà padà sí àpò ọ̀tún, mo sì ń béèrè súìtì lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọmọ ọdún márùn-ún. Ìgbà mẹ́ta ló fún mi ní ìbọn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó dúró, ó ronú, òógùn bò ó, ó wá fi ọwọ́ òsì wọ inú àpò ọ̀tún, ó sì há síbẹ̀.

"Jẹ́ kí ìbọn wà lósì nígbà náà," ni Màmá Ottie wí.

"Màmá, ọwọ́ òsì mi ò lè fi ṣíbí bu ọbẹ̀ kó dé ẹnu. Ṣé ìbọn ló máa wá mọ̀ ọ́n yìn?"

Mo bọ́ kóòtù kúrò lára rẹ̀ kí ọwọ́ náà lè jáde. "Hoyt, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Ìwọ àti àpò yẹn ti mọ ara yín jù. Yálà kí o fi súìtì sílẹ̀, tàbí kí o fi ìbọn sílẹ̀."

Hoyt gba kóòtù rẹ̀ lọ́wọ́ mi. "Nadine ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló máa ń kó o sínú àpò fún mi. Bí ọmọdé bá na ọwọ́ sí mi, tí n ò ní nǹkan kan tí mo máa fi sí i, kí wá ni mò ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà?"

Màmá Ottie ló dá sí ọ̀rọ̀ náà.

"Ṣé Pásítọ̀ ní Hoyt ló gbọ́dọ̀ gbé e?"

"Ó ní ìbọn kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má sì rí i."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó tọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ òtútù rẹ̀ tó nípọn bí tìmùtìmù, ó sì yípadà pẹ̀lú ìbọn ìléwọ́ kékeré kan. Ó da ọta mẹ́jọ sí àtẹ́lẹwọ́ kó tó gbé e síwájú mi. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí èmi àti ìbọn yìí jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Èmi tí mo rò pé mo mọ gbogbo ìbọn ìlú yìí! Mo gbé e, mo fà á. Ó yọ̀ bí bọ́tà. Mo ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ iná, mo sì rí i pé wọ́n ti fi sùúrù dán gbogbo etí irin inú rẹ̀.

"Màmá, ta ló bá yín ṣe èyí?"

"Èmi ni. Fáìlì èékánná ni mo fi ṣe é. Ìgbà òtútù méjì ló gbà mí."

Mo bi í bóyá ó ń wá iṣẹ́. Ó ní adìyẹ òun ò ní gbà. Ó fi àpò ìbọn náà hàn mí: aṣọ àgọ́ tó rán mọ́ inú ẹ̀wù, ó wà lọ́tọ̀, kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Áńkáṣíìfù rẹ̀ ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ẹ gbé àga onítìmùtìmù sí ẹnu ọ̀nà fún mi," ó ní. "Ìjókòó onípákó yẹn ti ń pa mí ní ìbàdí tipẹ́. Kí Hoyt máa kí wọn, èmi á máa jókòó."

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sunday mọ́, Pásítọ̀ Garlin wá yẹ Hoyt wò kí àwọn èèyàn tó dé. Dub Mayfield tẹ̀ lé e, ó ti wọ táì tuntun. Pásítọ̀ ní kí Hoyt bẹ̀rẹ̀, kó yí, kó gbé ọwọ́ sókè. Bẹ́líìtì ló wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run.

"Bàbá, n ò rí i. Ibo lẹ gbé e sí?"

"Kò sí lára mi, Pásítọ̀. Àmọ́ ó wà lẹ́nu ọ̀nà yìí. Ẹ wá a."

Pásítọ̀ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó wo inú garawa tí wọ́n ń kó agbòjò sí. Ó wo inú ìkòkò òdòdó.

"Pásítọ̀," ni Màmá Ottie wí láti orí àga rẹ̀, "ẹ̀ ń tẹ etí aṣọ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá." Ó sún sẹ́yìn, ó ń wá a lọ.

Nígbà tó sú u, Hoyt sọ orúkọ kan sí i létí. Pásítọ̀ wo Màmá Ottie. Màmá yìí ló kọ́ ọ ní ẹsẹ Bíbélì nígbà tó wà lọ́mọdé, bí ó bá ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, Màmá máa ń ní kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Pásítọ̀ sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ méjì láìmọ̀.

"Kò séwu," ó ní. "Ẹnu ọ̀nà ṣì jẹ́ tiyín, Bàbá."

Dub ò gbọ́ orúkọ náà, kò sì gbà. "Irọ́ ni! Kò sí ìbọn kankan níbí!" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé ẹní ẹnu ọ̀nà sókè, ṣáàtì rẹ̀ fà jáde, ìbọn tirẹ̀ sì yọ sí gbangba ní ìdí ṣòkòtò, níwájú ìdílé àlejò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun àtẹ̀gùn.

"Ẹyọ kan, Dub," ni Màmá Ottie wí, ó sì ṣí ìwé orin rẹ̀. "Ó ku méjì."

Hoyt ti lọ bọ àwọn àlejò náà lọ́wọ́. Ọmọbìnrin wọn kékeré wò ó lójú, ó sì na ọwọ́ bíi pé ẹnìkan ti sọ fún un. Ọwọ́ Hoyt wọ àpò ọ̀tún. Mo mọ̀ pé kò sí ìbọn níbẹ̀ mọ́, síbẹ̀ mo dá èémí dúró.

Súìtì ni.