Ilẹ̀kùn Tí Wọn Kò Ṣí fún Òkú

Ilé Mal-lim ló gbẹ̀yìn ní abúlé wa, lẹ́yìn oko aáyù, níbi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Obìnrin mẹ́ta ló jọ pinnu pé àwọn yóò ya ilé kan sọ́tọ̀ fún àwọn aya tí ọkọ ń lù. Ọkọ ẹnì kan nínú wọn ní irú ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀ lójú òun. Ẹnì kejì kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní ìlú Daegu. Ó wá ku Mal-lim tó jẹ́ opó, àti ilé ńlá tó ń dá sùn nínú rẹ̀.

Ó ra ọ̀pá ìdábùú tuntun sí ẹnu ọ̀nà. Òfin ilé náà kò pọ̀: ọkùnrin kankan kò gbọdọ̀ wọlé, ilẹ̀kùn kò sì gbọdọ̀ wà ní ṣíṣí. Yeon-ju ni ẹni àkọ́kọ́ tó sá wá síbẹ̀, tòun ti àpò kan àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú.

“Bí mo bá kan ilẹ̀kùn,” Mal-lim sọ fún un, “bi mí pé ṣé èmi nìkan ni. Bí mi ò bá dáhùn, a jẹ́ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn mi; jẹ́ kí n wà níta.”

“Nínú òtútù yìí, Ìyá?”

“Òtútù mọ̀ mí. Ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti jọ ń bára wa bọ̀.”

Yeon-ju fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò gbà.

Ọjọ́ ìrántí ikú ọkọ Mal-lim ti ń sún mọ́lé. Àkọ́bí ni ọkọ náà, nítorí náà ilé yìí ni wọ́n ti ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un lọ́dọọdún. Àwọn ọkùnrin ẹbí á wá, wọ́n á foríbalẹ̀, ilẹ̀kùn á sì wà ní ṣíṣí gbayawu kí òkú lè rọ́nà wọlé. Gi-tae, àbúrò ọkọ rẹ̀, gbé ápù àti ẹja gbígbẹ wá ṣáájú ọjọ́ náà. Mal-lim pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, kò sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un.

“Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹnu géètì lẹ ti ń gbàlejò báyìí ni? Kọfí ńkọ́?”

“Kọfí ti tán.”

“Omi náà ti tán?”

“Gi-tae, lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ ká ṣe é nílé yín.”

“Nílé mi? Lókè ilé alájà gogoro lọ́hùn-ún? Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í wọ ẹ̀rọ agbéniròkè nígbà tó wà láàyè, ṣé òkú rẹ̀ ló máa wá tẹ bọ́tìnì?” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú lẹ́nu rẹ̀. “Wọ́n ní ẹ gba obìnrin kan tó sá nílé ọkọ. Ṣé nítorí àlejò lẹ fi fẹ́ tilẹ̀kùn mọ́ ọkọ yín? À ń bọ̀ lọ́jọ́ náà o. Ẹ bá wa ṣílẹ̀kùn.”

“Mi ò ní ṣí i.”

“Ó dáa. A máa rí i.”

Mal-lim kò sọ gbogbo rẹ̀ fún Yeon-ju. Ó kàn ní òun yóò dá ṣe ìrántí náà níwọ̀nba nínú ilé, lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì. Ṣùgbọ́n aya ọmọ àkọ́bí ni Yeon-ju náà níbi tó ti sá wá, òun ló sì máa ń se oúnjẹ òkú níbẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́ tán ló ti wà ní ilé ìdáná, tó ń din ẹja àti ẹ̀fọ́ tó rì sínú ìyẹ̀fun. Ó gé orí ápù bí àṣà ṣe wí. Ó gbé ẹja sí ìlà-oòrùn tábìlì, ó gbé ẹran sí ìwọ̀-oòrùn. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó ń fi dúpẹ́ ni.

Ní ìrọ̀lẹ́, Mal-lim tan àbẹ́là síwájú àwòrán ọkọ rẹ̀ lórí tábìlì náà, ó sì fi iná sí tùràrí. Bí èéfín ṣe gòkè ni Yeon-ju dìde. Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó fa ìdábùú, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún nílé ìyá ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Gi-tae àti ọkùnrin ẹbí rẹ̀ kan ń wọ géètì bọ̀, nínú kóòtù dúdú.

“Ìyá,” Yeon-ju wí, “kí ni mo ṣe yìí?”

“Ẹ ti ṣí i!” Gi-tae ti ń bẹ̀rẹ̀ bọ́ bàtà. “Mo mọ̀ pé ẹ ò ní dójú tì wá.”

Yeon-ju ti gbá àpò rẹ̀ mú, ó ń wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mal-lim mọ ibi tí ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn ń lọ: ibùdókọ̀ ni, bọ́ọ̀sì tó sì ń dúró níbẹ̀, ìlú ọkọ Yeon-ju ló ń lọ. Bó bá fi lè jáde, ó ti padà sọ́hùn-ún nìyẹn.

Mal-lim bẹ̀rẹ̀, ó gbé tábìlì kékeré náà tòun ti gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Ọbẹ̀ dà sí i lápá. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Gi-tae kọjá pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nìkan lẹ́sẹ̀, ó sì gbé tábìlì kalẹ̀ sáàárín àgbàlá.

“Yeon-ju! Tì í!”

Ilẹ̀kùn pa dé. Ìdábùú dún.

Gi-tae dúró pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. “Ṣé orí yín pé? Níta? Òkú tí kò nílé ni wọ́n ń ju oúnjẹ fún níta!”

“Ẹ̀gbọ́n yín mọ ìta ilé yìí. Ibí ló máa ń tì mí mọ́ nígbà yìnyín. Ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ máa ń gbọ́ ohùn mi láti ilé ìyá yín.”

Ọkùnrin kejì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Gi-tae bọ́ bàtà kejì, ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, ó foríbalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi àwòrán náà há abíyá.

“Láti ọdún tó ń bọ̀, ilé mi ni. Ẹ má yọra yín lẹ́nu láti wá.”

Mal-lim fẹ́ bi í pé ẹ̀rọ agbéniròkè ńkọ́. Ó nu ọbẹ̀ kúrò lápá rẹ̀.

Nígbà tí mọ́tò wọn lọ, ó jókòó ti tábìlì. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni ilé yìí máa ń kún, tí àwọn aya ẹbí ọkọ rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni nídìí epo gbígbóná. Kò rò pé ìyẹn ni yóò dun òun. Ó jẹ ápù díẹ̀. Ó tutù ju ohun tí eyín rẹ̀ lè gbà lọ. Ó dìde, ó kan ilẹ̀kùn.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni.”

Ìró ẹsẹ̀ Yeon-ju sún mọ́ ilẹ̀kùn.

“Ṣé ẹ̀yin nìkan ni?”

Mal-lim wẹ̀yìn wo àgbàlá, ó wo ọ̀nà tó gba àárín oko aáyù kọjá, ó wo tùràrí tó ṣì ń rú.

“Èmi nìkan ni,” ó wí.