Àmì Pupa Iwájú Orí Kasi

Ní etí òkun níhà àríwá Chennai, bí o bá ti rí òdòdó lọ́rùn àwòrán èèyàn, ẹni náà ti kú nìyẹn. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, wèrè pàápàá mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ òdòdó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ da ìpàdé àwọn apẹja rú lọ́jọ́ tí wọ́n pinnu pé kí Desingu ayàwòrán ya ojú Kasi sára ògiri ilé alájà mẹ́rin tó kọjú sí omi.

Kasi ló padà sínú ìjì lọ́dún tó kọjá láti lọ fa àwọn ọ̀dọ́ tí ọkọ̀ wọn dojú dé yọ. Ó fà wọ́n yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni kò padà wálé. Abúlé ò rí òkú, wọn ò rí àfọ́kù ọkọ̀. Àwọn àgbà apẹja wá ní kí wọ́n ya ọkùnrin náà gàgàrà sára ògiri, kí wọ́n fi òdòdó sí i lọ́rùn, kí ẹjọ́ náà parí síbẹ̀. Sengeni, ìyá Kasi, ló dìde láàárín wọn. Opó ni, ẹja gbígbẹ ló ń tà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tó fi ń la ẹja lọ.

"Ta lẹ fẹ́ kọ́ òdòdó sí lọ́rùn?" ló bi wọ́n. "Ọmọ mi wà ní túbú lókè òkun. Ṣé àwọn ọlọ́pàá òkun ibẹ̀ ò kó apẹja wa rí ni? Ẹni tí òdòdó bá ń wù, kó lọ kọ́ ọ sí baba tó bí i lọ́rùn."

Wọ́n gbà pé kí wọ́n ya Kasi bí alààyè, kó máa rẹ́rìn-ín, láìsí òdòdó.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ jù lọ níbẹ̀ ni Anjalai, ìyàwó Kasi. Àbúrò Desingu ni, ìyá kan náà ló bí wọn. Okùn ìgbéyàwó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, lálaalẹ́ ló sì ń ra òdòdó funfun olóòórùn dídùn tó ń fi sínú irun. Bí abúlé bá fi lè sọ pé Kasi ti kú, àwọn opó àgbà á wá kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á já okùn náà, wọ́n á fọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á gba òdòdó orí rẹ̀, kò sì ní fi òmíràn sí i mọ́ láyé. Àwọn àgbà máa ń sọ pé "ọmọ mi kú" yá ju "ọmọ mi nù" lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ìyá. Ní ti ìyàwó, inú "nù" yẹn ni gbogbo ayé rẹ̀ wà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Anjalai wí fún Desingu kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀yin lẹ máa wà lókè níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fi nǹkan kan kún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà."

"Anjalai, ọwọ́ tèmi kọ́ ló máa sọ ẹ́ di opó," ni Desingu wí, ó sì fi ọwọ́ kan ilẹ̀ búra.

Ó pẹ́ tí Desingu ti rí irú iṣẹ́ yìí gbẹ̀yìn. Nígbà tí ayé ṣì dára, òun ló ń ya ojú àwọn òṣèré àti àwọn olóṣèlú, tí ihò imú wọn nìkan gba odidi èèyàn. Ẹ̀rọ tó ń tẹ àwòrán sára ọ̀rá ló gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Bó ṣe tún rí ara rẹ̀ lókè, lórí pákó tí wọ́n fi okùn méjì so rọ̀ láti orí ilé, inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì ń bà á. Ekambaram, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ló ń ṣọ́ okùn lókè.

Fọ́tò tó ń wò yà, Sengeni ló fà á yọ láti ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀, tí ó fi aṣọ wé e. "Má gbé e káàkiri," ló wí, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú gíláàsì náà nù ún nù ún kó tó gbé e lé e lọ́wọ́. Desingu fa ìlà tínrín sójú gíláàsì, ìlà ìbú àti ìlà òòró, kí ojú ọkùnrin náà lè pín sí wẹ́wẹ́, ó sì fa irú rẹ̀ ńláńlá sára ògiri. Báyìí ni wọ́n ń ṣe é. Ẹni tó wà lókè kò lè rí ojú tó ń yà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á gbòòrò ju yàrá lọ, ètè á dà bí ọkọ̀ ojú omi. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé ohun tó bá wà nínú ojú ìlà kọ̀ọ̀kan ni kí o kó sára ògiri, má ronú, nítorí ẹni tó bá ronú lókè yóò ya imú sí ibi etí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀, ó ti kun gbogbo ojú náà tán. Ó ku àwọn nǹkan kéékèèké, irun ìpéǹpéjú, ìlà ẹ̀rín, àti ẹyin ojú méjèèjì tí àwọn ayàwòrán ibẹ̀ máa ń fi ṣe àṣekẹ́yìn, nítorí wọ́n ní ìgbà tí ojú bá là ni ẹni náà tó dé. Oòrùn ń yan Desingu lẹ́yìn bí ẹja. Ó wo iwájú orí nínú fọ́tò, ó rí ohun pupa kan rogodo láàárín, ó po ọ̀dà pupa, ó yà á sára ògiri, ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Ojú rẹ̀ rí i, ọkàn rẹ̀ ò rí i.

Kò pẹ́ ni ariwo ìsàlẹ̀ rọlẹ̀. Ekambaram yọjú láti orí ilé.

"Desingu, kí ló dé tí gbogbo ayé dákẹ́? Àbí o ti gbàgbé etí ọkùnrin yìí ni?"

"Ẹwà iṣẹ́ ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Sọ mí kalẹ̀, jẹ́ n lọ wò ó."

Anjalai ni ó kọ́kọ́ rí nísàlẹ̀. Ó gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹja wá fún un, ó ti gbé abọ́ náà sórí iyanrìn, ó sì ń wo òkè. Desingu fẹ̀yìn rìn títí omi fi kan ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ojú náà tó para pọ̀ di Kasi. Ìgbà yẹn ló rí ohun tó ṣe.

Kasi kì í fi àmì pupa síwájú orí bí àwọn ará ibẹ̀ yòókù. Ó ní òógùn máa ń fà á wọ ojú òun lójú omi, gbogbo abúlé ló sì fi ń ṣẹ̀fẹ̀. A kì í sì í fi àmì pupa sójú gíláàsì fọ́tò alààyè. Òkú ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ fún, pẹ̀lú fìtílà àti èéfín olóòórùn, láràárọ̀ tàbí lálaalẹ́, títí àmì náà yóò fi gan mọ́ gíláàsì.

"Ìdọ̀tí ló wà lára gíláàsì," ni Desingu wí. "Màá pa á rẹ́ kíá."

"Ìdọ̀tí wo ló mọ àárín iwájú orí?" Anjalai gba fọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ra igi tó yí gíláàsì náà ká nísàlẹ̀, dúdú èéfín fìtílà sì bá a lọ́wọ́. Ó gbé e lọ bá Sengeni tó ń sá ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ìyá, láti ìgbà wo?"

"Ìgbà wo ni kí ni?"

"Ẹ má dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ yẹn. Láti ìgbà wo lẹ ti ń tan iná fún un?"

Sengeni yí ẹja kan padà, ó yí òmíràn. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè.

"Láti ìgbà tí wọ́n ti mú okùn ìdí ẹ̀ wá fún mi. Apẹja kan láti ìhà gúúsù ló mú un wá. Òkun gbé òkú ẹ̀ jù sí etí ilẹ̀ wọn, wọ́n sì sin ín síbẹ̀. Okùn tí mo fi ọwọ́ ara mi so mọ́ ọn nídìí ni."

Desingu jókòó sórí iyanrìn. Ọkùnrin ibẹ̀ kì í bọ́ okùn ìdí rẹ̀ láàyè.

"Ẹ mọ̀," ni Anjalai wí. Ìbínú ló wà lóhùn rẹ̀. "Ẹ mọ̀, ẹ jẹ́ kí n máa to irun, kí n máa ṣe ọ̀ṣọ́ de òkú. Ẹ dúró lójú ìpàdé, ẹ ń sọ túbú fún wọn. Òmùgọ̀ lẹ fi mí ṣe."

"Bú mi, mo gbà. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún ẹ, torí wọ́n ṣe é fún mi. Mi ò tíì dàgbà tó ẹ nígbà yẹn. Omi òkun tí wọ́n rì mí sí tutù láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n dì mí mú lápá bí olè. Mo ní kó pẹ́ díẹ̀ sí i. Mo ní kí òdòdó wà lórí ẹnì kan nínú ilé wa."

"Ẹ ò sì sunkún."

"Ibo ni mo ti fẹ́ sun ún? Yàrá kan náà la jọ ń sùn. Tí o bá lọ ra òdòdó nírọ̀lẹ́, ìgbà yẹn ni mo máa ń gbé e jáde, tí mo ń tẹ àmì sí i. Tí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ, mo ti nu ojú nù."

Àwọn èèyàn ti ń yọ láti inú ilé. Desingu kò lè fara dà á mọ́. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì.

"Anjalai, jẹ́ n kun àwọ̀ ara bo àmì yẹn. A ó sọ pé mo ṣì í yà ni. Kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ ní nǹkan kan."

"Ojú tèmi tó rí i ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n? Ṣé ẹ ní ọ̀dà tẹ́ ẹ máa fi kun ìyẹn?"

Desingu gbé búrọ́ọ̀ṣì náà kalẹ̀. Anjalai wo ìyá ọkọ rẹ̀, àgbàlagbà kékeré tó ń yí ẹja tó ti yí tẹ́lẹ̀. Ìbínú náà kò kúrò lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jókòó tì í, ó sì gba ẹja náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ sunkún."

"Tí mo bá bẹ̀rẹ̀, ó ti parí nìyẹn. Wọ́n á wá lọ́la."

"Mo mọ̀. Ẹ sunkún ọmọ yín."

Sengeni la ẹnu. Ohun tó jáde kì í ṣe orin arò tí àwọn obìnrin ibẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ. Orúkọ Kasi nìkan ló ń pè, bí ẹni tó ń pe ọmọdé wálé wá jẹun. Anjalai gbá a mọ́ra, òdòdó sì wà ní irun rẹ̀ síbẹ̀.

Ó gbójú sókè sí Desingu lórí èjìká ìyá àgbà náà.

"Ẹ má ya ẹyin ojú ẹ̀ lónìí," ló wí. "Mi ò fẹ́ kó máa wò wá."

Desingu kígbe sí Ekambaram pé kó fa pákó sókè, iṣẹ́ ti tán fún ọjọ́ náà. Ekambaram fà á, kò sì bi í léèrè ìdí.