Omi Ìwẹ̀ Ọjọ́ Sátidé

Mo fẹ̀sùn kan ìyàwó ọmọ mi, lójú ọmọ rẹ̀, pé òun ló ń pa ajá rẹ̀. Èmi ni mo ń pa á. N ó sọ bó ṣe rí. N kò ní fi kún un.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo fi ọdún mẹ́rìnlélógójì ṣe. N kò gba iṣẹ́ ńlá mọ́. Mo ní ahéré onípákó kan ní ẹ̀yìn ilé ọmọ mi, níbi tí mo ti ń tún àga tó yẹ̀ ṣe. Ọmọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ló ń wálé. Èmi, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún méje, la jọ ń gbé. Ìyàwó ń ránṣọ ní yàrá iwájú. Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìyẹn la fi ń pè é ní Aláròyé. Ìyá rẹ̀ a máa sọ pé ọmọ yẹn ló gba ìpín ọ̀rọ̀ tèmi mọ́ tirẹ̀.

Ṣọ́lé ni orúkọ ajá. Ìyàwó ló gbé e jáde nínú gọ́tà lọ́jọ́ òjò kan, nígbà tí kò ju bàtà lọ. Kò ṣọ́ ilé kankan rí. Bí olè bá wá, yóò bá a gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà.

Àárọ̀ Sọ́ńdè kan ló kọ́kọ́ ṣubú. Ó ń rìn kọjá nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ló bá dùbúlẹ̀ gbalaja. Ẹnu rẹ̀ há. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń jà nínú afẹ́fẹ́. Ó ń yọ ìfófòó lẹ́nu, ó sì tọ̀ sára. Mo mú ṣíbí láti fi la ẹnu rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki nǹkan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Á gé yín jẹ ni."

Ìyàwó gbé àga kúrò níbi orí rẹ̀. Ó fa aṣọ fèrèsé dí ìmọ́lẹ̀. Ó wá dúró, ó ń wo aago. Ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà ajá dìde, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó forí sọ ògiri, kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ nínú wa.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ọmọdébìnrin ni, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó tẹ Ṣọ́lé níkùn, ó tan iná sí i lójú, ó gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀.

"Ó jọ wárápá," ó ní. "Àwọn ajá kan, wọ́n bí i mọ́ wọn ni. Àwọn mìíràn, nǹkan kan ló ń fà á. Ó lè jẹ́ ohun tó jẹ. Ṣokoléètì, májèlé ni fún ajá. Ó lè jẹ́ oògùn kòkòrò, tàbí oògùn eku. Ooru tó pọ̀ jù, ìpayà, gbogbo rẹ̀ ló lè tì í. Ẹ wá ìwé kan. Ohun tó jẹ, ohun tó gbóòórùn, ohun tó kan ara rẹ̀, ẹ máa kọ ọ́. Èyí tó bá jọ pé kò já mọ́ nǹkan gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ."

"Èmi ni n ó máa kọ ọ́," mo ní.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," Ìyàwó ní. Ó wá rẹ́rìn-ín sí dókítà. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló wọ́n. Tìwé kò wọ́n."

Mo kọ ọ́ dáadáa. Ìrẹsì, egungun ẹja, ariwo ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò, ọjọ́ tí oòrùn mú. Ohun gbogbo ni mo kọ, àfi omi ìwẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló kọ́ mi ní tìyẹn. Bí a bá fi oògùn ikán kun pákó tán, ìṣẹ́kù a máa wà ní ìsàlẹ̀ garawa. A kì í dà á nù. Ọ̀gá á bu omi lé e, á fi wẹ ajá ilé iṣẹ́. Eégbọn á máa já bọ́ bí àgbàdo tí a ń yín. Nígbà tí eégbọn pọ̀ lára Ṣọ́lé, mo rántí. Bí Ìyàwó àti Aláròyé bá ti gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà ní ọ̀sán Sátidé, mo ń wẹ̀ ẹ́. Kò jọ ohun tí ènìyàn ń kọ sínú ìwé lójú mi. Ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun mí?

Ìyẹn nìkan kọ́. Ìyàwó ti sọ nígbà kan pé òórùn garawa yẹn ń fọ́ òun lórí. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ fún un, yóò ní kí n má ṣe é. N kò fẹ́ kí ọmọdé kọ́ mi ní iṣẹ́ mi.

Ṣọ́lé tún ṣubú ní Sọ́ńdè kejì. Nígbà tó ṣubú lẹ́ẹ̀kẹta, ní Sọ́ńdè mìíràn, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wá ohun tó fà á, mo sì rí bébà ṣokoléètì lábẹ́ tábìlì ìránṣọ. Mo gbé e sókè.

"Kí nìyí?"

"Bébà ṣokoléètì ni, Bàbá. Oníbàárà kan ló fún Aláròyé."

"Ìwọ náà kúkú gbọ́ ohun tí dókítà sọ."

"Mo gbọ́, Bàbá. Aláròyé nìkan ló jẹ ẹ́."

"Mi ò fún un rárá!" Aláròyé ní. "Mo tiẹ̀ lá bébà náà. Ẹ wò ó, Bàbá, ó mọ́ tónítóní."

"Dákẹ́. Ìyàwó, ìwọ lò ń pa ajá yìí. Díẹ̀díẹ̀ lò ń pa á, o sì ń fi ọmọ bojú."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Ìyàwó dìde. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wò mí, ó wá kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá."

Ó tọrọ àforíjì fún ohun tí kò ṣe. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo fa ajá lọ sí ahéré mi lẹ́yìn ilé, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fún un lóúnjẹ mọ́ àfi èmi. Mo kọ ṣokoléètì sínú ìwé, mo fa ìlà sí i nídìí. Aláròyé máa ń wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ahéré, á kí ajá, á sì padà. Orí pákó tí mo ti fi oògùn kùn ni Ṣọ́lé ń sùn. Eégbọn pọ̀ níbẹ̀. Mo sọ ìwẹ̀ di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, mo sì dín omi kù.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló ṣubú. Ìkarùn-ún kò dá. Ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́fà, ẹsẹ̀ ṣì ń jà. Ìyàwó sáré wá sẹ́yìn ilé, ó fi aṣọ oníbàárà tí kò tíì rán tán wé e, ó gbé e. Nínú takisí, orí ajá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èmi mú ìwé dání.

Dókítà gún un lábẹ́rẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ara rẹ̀ tó rọ̀. Dókítà wá gba ìwé, ó ń ṣí i, ó ń wo àwọn ọjọ́ tí ajá ṣubú.

"Sọ́ńdè," ó ní. "Sọ́ńdè. Sọ́ńdè tún nìyí. Kí lẹ máa ń ṣe ní Sátidé?"

Mo ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ ajá.

"A kì í sí nílé ní Sátidé," Ìyàwó ní. Ó dánu dúró níbẹ̀.

Dókítà tẹ orí ba, ó gbóòórùn ọrùn Ṣọ́lé. Ó sún sẹ́yìn. "Kí ló ń rùn lára ajá yìí? Kí lẹ fi ń wẹ̀ ẹ́?" Ìyàwó ni dókítà bi. Wọn kì í bi bàbá arúgbó ní ọ̀rọ̀ ìwẹ̀.

Ìyàwó náà tẹ orí ba. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń fọ aṣọ iṣẹ́ mi. Mo rí i nígbà tó dá òórùn náà mọ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

"Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, dókítà," ó ní. "Bóyá ohun tí mo lò ló le jù."

"Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wo aago sí i? Ṣé ẹ lè da irú nǹkan báyìí sára ọmọ yín?"

"Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Ajá ló ń kú lọ."

"Ẹ má bínú, mà."

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí. Mo jókòó sórí àga, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá a wí. N kò lè sọ bó ti pẹ́ tó. Ó pẹ́.

"Ó dáa, kí ni orúkọ nǹkan náà?" dókítà ní. "Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, mi ò mọ oògùn tó tọ́ sí i."

Ìyàwó lanu. Kò mọ̀ ọ́n.

"Oògùn ikán ni," mo ní. "Èmi ni mo fi wẹ̀ ẹ́. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Dókítà yíjú sí mi. "Láti ìgbà wo, Bàbá?"

"Oṣù mẹ́ta."

"Kí ló dé tí ẹ ò kọ ọ́ síbí?"

Mo sọ orúkọ tó wà lára ike fún un, mo sì sọ bí mo ṣe ń bu omi lé e. Ó kọ ọ́. Ó ní ó ń gba awọ ara wọlé, ajá á tún fi ahọ́n lá ìyókù. Wọ́n gbé Ṣọ́lé lọ sí ẹ̀yìn láti fi omi àti ọṣẹ fọ ọ́ léraléra.

"Ṣé á yè?" Ìyàwó bi í.

"Ó ṣeé ṣe. Àwọn mìíràn máa ń bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Àwọn mìíràn, ọpọlọ wọn á ti mọ ọ̀nà ibẹ̀, á máa padà lọ. Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Bí a ṣe ń dúró, mo rántí àwọn ajá ọ̀gá mi. Ó sin mẹ́ta láàrin ọdún mẹ́fà tí mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Gbogbo wọn ló gbọ̀n kí wọ́n tó kú. Ọ̀gá ní àwọn ọ̀tá òun ló ń ṣe é, ó sì dárúkọ wọn. Àwa ọmọ iṣẹ́ gbà á gbọ́. Èmi náà wá ọ̀tá. Nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ti rí i.

Ẹsẹ̀ la fi rìn padà sílé.

"Kí ló dé tí o fi gbà á sórí?" mo bi í.

Ó ká aṣọ oníbàárà tó fi wé ajá mọ́ abẹ́ apá.

"Mo rò pé ẹ máa tètè sọ̀rọ̀, Bàbá."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìbá sàn bó bá fi ìbínú sọ ọ́.

Mo pe Aláròyé sí yàrá iwájú, níṣojú ìyá rẹ̀. Mo ní kì í ṣe ìyá rẹ̀, kì í sì í ṣe òun. Mo ní èmi ni.

"Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ó lè pa á ni, Bàbá?"

"N kò mọ̀."

"Ṣé ẹ bi dókítà?"

"N kò bi í."

Kò bi mí ní nǹkan mìíràn mọ́. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n dá Ṣọ́lé padà. Ó ti rù. Dókítà ní inú ilé ni kó máa gbé, kó má dé ahéré, kó má sì sún mọ́ mi tí aṣọ iṣẹ́ bá ti wà lọ́rùn mi. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà ahéré, aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn mi, nígbà tó jáde sẹ́yìn ilé tó rí mi. Ó ju ìrù. Ó ń sáré bọ̀.

"Padà," mo ní.

Ó rò pé eré ni. Ó tún bọ̀, ó ń mì gbogbo ìdí. Àfìgbà tí mo gbé òkúta kó tó padà.