Búùtù Bàbá Ètò

Mo bá áyọ́ọ̀nù nínú búùtù ọkọ̀ bàbá mi. Mo bá aago ara ògiri pálọ̀, mo bá bàtà ẹsẹ̀ kan, mo sì bá ìkòkò tí mo ti ń wá káàkiri ilé. Agolo pupa tí a fi ń pa iná, tó yẹ kó wà níbẹ̀, kíṣìnnì ni mo ti rí i, láàárín ike epo àti ike iyọ̀. Bàbá ti nù ún mọ́ dáadáa kó tó gbé e síbẹ̀.

Ẹni tí kò mọ bàbá mi lè ní kí ló burú níbẹ̀, ṣebí búùtù tó dàrú ló kún ìgboro. Awakọ̀ tí ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù ni bàbá mi títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ ní Bàbá Ètò, nítorí pé ẹni tó bá sún tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kúrò níbi tó wà, á gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí a wà ní kékeré, ó máa ń fi ìborùn màmá wa dí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lójú nídìí ọkọ̀ tirẹ̀. Á ní, "Jáàkì." A ó nawọ́ sínú búùtù. "Tọ́ọ̀ṣì." "Okùn." Ẹni tó bá ṣì í mú á tún un ṣe. Ó ní wàhálà kì í dúró kí èèyàn tanná kó tó dé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun ń lọ ra búrẹ́dì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀ṣọ́ ọsibítù tí Bàbá ti ṣiṣẹ́ rí pè wá. Bàbá jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́nu géètì wọn, ó ń retí kí wọ́n rán òun níṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí màmá wa ti kú, ọkọ̀ yẹn ló ń gbé Bàbá dìde lórí ibùsùn láàárọ̀. Á fọ̀ ọ́, á ṣí iwájú rẹ̀, á wo omi rẹ̀. Tí a bá gbà á, àga ìdí fèrèsé ló kù fún un.

Bàbá gbọ́ ohun tí à ń sọ. Kò tilẹ̀ bínú.

"Ẹ dí mi lójú," ó ní. "Tí mo bá ṣi nǹkan kan mú, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín. Tí n kò bá ṣì í mú, kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ ọ́ mọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi gbà. Wọ́n fi sí Sátidé.

Bí mo ṣe dé ìdí búùtù láàárọ̀ Sátidé nìyẹn. Mo kó gbogbo rẹ̀ jáde, mo gbá a, mo fi omi àti ọṣẹ nù ún. Ìjókòó ọkọ̀ ni mò ń rán jẹun, nítorí náà mo ti rán tapólì alápò kan tí mo so mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó. Tọ́ọ̀ṣì wọ àpò tirẹ̀, wáyà tí a fi ń gba iná lára bátìrì ẹlòmíràn wọ tirẹ̀. Mo fi bẹ́líìtì di jáàkì àti sípánà mọ́ ọwọ́ ọ̀tún kí wọ́n má máa ró. Àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì wà lọ́wọ́ òsì, níbi tí ọwọ́ ti máa ń kọ́kọ́ dé. Mo ká okùn tí a fi ń fa ọkọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, mo ti kẹ́ẹ̀gì omi àti agolo pupa sí kọ̀rọ̀. Kọ́ṣọ̀n, àmì pupa onígun mẹ́ta yẹn, ni mo fi sẹ́nu búùtù pátápátá. Òun ni Bàbá máa ń kó wọlé kẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi dé bá mi níbẹ̀. "Ìwọ lò ń ṣètò ìdánwò, ìwọ lo tún kọ ìdáhùn sí pátákó."

"Ọkọ̀ ni mò ń tún ṣe."

"Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti máa ń wà láti kékeré wa lo gbé e sí."

"Ibo lẹ fẹ́ kí n gbé e sí? Orí yín?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó wò ó, mo rò pé yóò gbé e síbòmíràn. Ó dá a padà sínú àpò rẹ̀, ó sì tún ẹnu àpò náà ṣe.

Bàbá jáde. Ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Ẹ̀gbọ́n mi kí i, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó ti ń tò láti ilé rẹ̀.

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú..."

"Òwe kì í pààrọ̀ táyà," Bàbá ní. "Dí mi lójú."

Ìborùn màmá wa náà ni mo lò.

"Jáàkì," ẹ̀gbọ́n mi wí.

Bàbá tú bẹ́líìtì, ó gbé e jáde.

"Tọ́ọ̀ṣì."

Ó mú un, ó mì í létí. "Ta ló pààrọ̀ bátìrì rẹ̀?"

"Èmi ni, Bàbá."

"O ṣeun."

Okùn. Àpótí. Wáyà. Kò táràrà nínú búùtù bí èmi ṣe máa ń ṣe. Inú mi ń dùn, n kò purọ́. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ti rẹlẹ̀ nígbà tó ní, "Kọ́ṣọ̀n." Bàbá fà á yọ, ó ṣí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó gbé e dúró lórí àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn náà ló tú ìborùn kúrò lójú.

"Ṣé mo ṣì í mú?"

"Rárá, sà." Ẹ̀gbọ́n mi ń nu ojú.

Bàbá ṣì di kọ́ṣọ̀n mú. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn.

"Ó dára o," ó ní. "Kí ni wọ́n ń fi ṣe?"

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi wá ṣeré. Aláwàdà ni. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí bí ẹni tó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ èèyàn tó sì ń dúró gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́lẹ̀. Kò ní sọ ọ́. Mo lè dákẹ́ kí èmi náà ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́, Bàbá kúkú ti borí. Ṣùgbọ́n mo fojú inú rí i lójú ọ̀nà márosẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó dákú, tó di nǹkan pupa mú lọ́wọ́.

"Bàbá, tí ọkọ̀ bá dákú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ń gbé e sí. Kí àwọn tó ń bọ̀ lè rí i lókèèrè, kí wọ́n má bàa wá kọlù ú."

Mo rí i nígbà tó yé e. N kò ní sọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí.

"Èmi ni mo kọ́ yín," ó ní.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Kò fún ẹ̀gbọ́n mi, kò fún mi. Ó sọ ọ́ sínú àpò tọ́ọ̀ṣì lára tapólì. "Ibẹ̀ ni kó máa wà," ó ní. Lẹ́yìn náà ó na kọ́ṣọ̀n sí mi.

"Lọ gbé e sẹ́yìn ọkọ̀."

Mo gbé e, mo rìn lọ sápá géètì. A ti ti géètì, kò sí ọkọ̀ kankan tó ń bọ̀. Mo gbé e kalẹ̀.

"Ó súnmọ́ jù," Bàbá ké sí mi. "Jìnnà sí i."

Mo tún gbé e, mo jìnnà sí i.