Ojú Ìwé Kan Nínú Ìwé Amùjẹ̀

"Ta ló ṣe é? Àbí amùjẹ̀ inú ìwé náà ló jáde wá jẹ ẹ́?"

Ọ̀gá ilé-ìkàwé fi ìka gbá ìwé tó wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Ojú ìwé kan ti kúrò láàárín rẹ̀. Ọmọ télọ̀ dúró níwájú rẹ̀ nínú aṣọ ilé-ìwé, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a, sà."

"Kí ló dé tó ò wí? Ìwọ lo yá a kẹ́yìn. Mú káàdì rẹ wá. O ò ní wọ ibí mọ́ títí ọdún á fi parí."

Nídìí fèrèsé, obìnrin tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé ń pè ní Màmá Onígọ́ọ̀mù tẹ orí ba sórí ìwé tó ń rán. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn láti ọdún méjìdínlógún: ìwé tó bá tú, á rán an, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣí, á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ó mọ ohun tí káàdì yẹn jẹ́ fún ọmọ náà. Ìdánwò àṣejáde ku oṣù kan. Yàrá kan ṣoṣo ni ọmọ náà àti bàbá rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ ń gbé, àwọn àti ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta; ibí nìkan ló ti ń rí ibi kàwé. Ó mọ̀. Síbẹ̀ kò gbé orí sókè.

Òun ló gé ojú ìwé náà.

Ó ti pẹ́ tó ti ń fi irú ìwé amùjẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọbìnrin ilé-ìwé kan á kó sínú ìfẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin arẹwà kan tó ń mu ẹ̀jẹ̀, tí kì í darúgbó, tí kì í kú. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ò rí ẹni tó ń jẹun gidi fẹ́ ni?" ló máa ń bi wọ́n, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Ní ilé-ìwé míṣọ́n tí òun lọ, ẹgba ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ì bá kó bá a. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó kọjá, wọ́n gbé ọ̀kan fún un pé kó tún ẹ̀yìn rẹ̀ rán. Ó ń ṣí i wò bóyá ó pé, ó sì bọ́ sí ibi tí ọmọbìnrin náà ti bi ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn pé ṣé kò ní fi òun sílẹ̀ lọ.

"Èmi kọ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ sin," ló dá a lóhùn. "Ibi tí o bá yíjú sí ni wàá ti bá mi."

Ọkọ rẹ̀ ti lo oṣù mẹ́rìnlá nínú ilẹ̀. Ó ka ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ó gbé rúlà lé e, ó fi abẹ gé e, ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú Bíbélì. Obìnrin ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta!

Ọmọ télọ̀ tẹ̀ síwájú, ó fi àtàǹpàkò kan ibi tí ojú ìwé ti kúrò.

"Wọn ò fà á ya, sà. Wọ́n gé e ni. Ẹ wò ó bó ṣe gún. Wọ́n tún fi gọ́ọ̀mù pa etí rẹ̀ kí èyí tó kù má baà..."

Ojú rẹ̀ lọ sí ìdí fèrèsé, sára rúlà irin àti abẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò gọ́ọ̀mù. Ojú òun àti obìnrin náà ṣe mẹ́rin. Ọmọ náà ló kọ́kọ́ wolẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. "Bóyá èmi ni." Ó na káàdì rẹ̀ síta.

Ojú gba Màmá Onígọ́ọ̀mù tì. Ó dìde.

"Èmi ni mo gé e, ọ̀gá."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ jókòó jàre. Àánú yín ti pọ̀ jù. Kí lẹ fẹ́ fi ìwé ìfẹ́ àwọn ọmọdé ṣe?"

Ó kù díẹ̀ kó jókòó. Ó tú báàgì rẹ̀, ó mú Bíbélì jáde, ó sì fi ojú ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ ìsìnkú, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, kò sì kà á mọ́. Òun náà wà lára àwọn tó gbé pósí ọkọ Màmá lọ́jọ́ ìsìnkú.

Ó dá káàdì padà fún ọmọ náà. "Ẹ lẹ̀ ẹ́ padà, Màmá," ó ní, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ láìwẹ̀yìn.

Màmá Onígọ́ọ̀mù ṣí ìgò gọ́ọ̀mù. Ọmọ télọ̀ wá bá a di ojú ìwé náà mú kó lè tọ́. Nínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, obìnrin náà rí igun ìsàlẹ̀ rẹ̀: ó ti dúdú, ó ti rọ̀ bí aṣọ àlòkù, nítorí ọ̀pọ̀ ọwọ́ tó ti ṣí i. Ojú ìwé tó ṣáájú rẹ̀ mọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e náà mọ́.

"Ìgbà kẹrin tí mo yá a nìyẹn," ọmọ náà sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ibi yẹn nìkan ni mo máa ń wá. Nígbà tí mi ò bá a, mo rò pé..."

Màmá Onígọ́ọ̀mù fẹ́ bi í pé ta ló kú. Àwọn tó kù ńkọ́, tí ìka tiwọn náà wà lára igun yẹn? Oṣù kan gbáko lòun fi gbé e pa mọ́, tí òun ń rò pé òun nìkan ni wọ́n kọ ọ́ fún. Kò bi í. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ǹṣì, ọmọ náà sì jókòó tì í.