Nígbà tí Ọ̀rọ̀pọ̀ Bá Gbó

Jẹ́jẹ́ ni aránṣọ sọ ajá rẹ̀, àmọ́ kò sí ohun jẹ́jẹ́ kan lára ajá náà. Bí Ọ̀rọ̀pọ̀, ajá Ìyá Olùkọ́ tó ń gbé lódìkejì ògiri, bá ti gbó báyìí, Jẹ́jẹ́ á fò sókè, á máa ha ògiri bí ẹni pé wọ́n jí ẹrù rẹ̀ gbé sọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ tó fo ògiri tó sì ya Ọ̀rọ̀pọ̀ létí, bàbá onílé wá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Aránṣọ, tí ajá yìí bá tún fo ògiri yẹn, yóò kúrò nílé mi ni."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣe sùúrù."

"Èmi kọ́ ni kí o bẹ̀. Ajá ẹ ni kí o bẹ̀."

Aránṣọ kò ní ẹlòmíì tó ń bá a gbé. Ó fa Jẹ́jẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, ìyẹn sì ní kó máa gé ẹran wẹ́wẹ́ sínú abọ́. Bí Ọ̀rọ̀pọ̀ bá ti gbó, kó fún Jẹ́jẹ́ jẹ kó tó ráyè bínú, kó sì yìn ín. Tó bá yá, etí rẹ̀ á gbọ́ gbígbó, ọkàn rẹ̀ á lọ sí ẹran.

Ìyá Olùkọ́ gbọ́, ó yọrí lókè ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ajá mi wá di agogo oúnjẹ. Má gbàgbé ìpín tiẹ̀ o, òun ló ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí tèmi kọ́kọ́ gbọ́n ná, Mà."

Jẹ́jẹ́ sì ń gbọ́n díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń ká aránṣọ lára kò ju pé Ọ̀rọ̀pọ̀ kì í gbó pẹ́ kí Ìyá Olùkọ́ tó ní kó panu mọ́.

Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Ọ̀rọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbó tí kò dákẹ́ mọ́. Inú aránṣọ dùn. Ó fa abọ́ ẹran súnmọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Jẹ́jẹ́ dìde, ó lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń ké wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, ó sì ń wo ojú rẹ̀.

"Padà wá jókòó."

Ó jókòó.

"O káre. O káre, ọmọ mi."

Bí Ọ̀rọ̀pọ̀ ti ń gbó, bẹ́ẹ̀ ló ń fún un lẹ́ran, tó sì ń ránṣọ lọ. Nígbà tó yá, Jẹ́jẹ́ kò tilẹ̀ yíjú sí ògiri mọ́. Ìgbà tí ẹran tán ni aránṣọ jáde láti lọ ra òmíràn, ló bá rí omi tó ń ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn Ìyá Olùkọ́.

Ó sáré wọlé. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀ ló ti bá Ìyá Olùkọ́, ẹ̀rọ omi ń dà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ká sábẹ́ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀pọ̀ dúró tì í. Ohùn ajá náà ti há.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ní eegun ìbàdí ló dá. Ìyá Olùkọ́ di ọwọ́ aránṣọ mú.

"Mo pè títí ohùn mi fi tán. Ọ̀rọ̀pọ̀ ló ń bá mi pè ẹ́. Mò ń gbọ́ ohùn ẹ láti òdìkejì ògiri. O káre, o káre. Ta lò ń yìn?"

"Jẹ́jẹ́ ni, Mà."

"Kí ló ṣe?"

Aránṣọ tẹjú mọ́ ilẹ̀. "Ó dákẹ́, Mà."

Ìyá Olùkọ́ kò bínú. Ìbá sàn bó bá bínú. Ó kàn fọwọ́ pa á lẹ́yìn ọwọ́, bí olùkọ́ ti máa ń ṣe fún ọmọ tó gba òdo.

Kò lè dá gbé mọ́. Ọmọ rẹ̀ mú un lọ sílé rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí wọn kì í ti í gba ajá. Ọ̀dọ̀ aránṣọ ni Ọ̀rọ̀pọ̀ kó sí.

Ní báyìí, àwọn ajá méjèèjì jọ ń sùn lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yìn wọn kanra. Bàbá onílé kọjá, ó ní, "O ò rí i? Sùúrù náà ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bí Ọ̀rọ̀pọ̀ bá gbó, ìbáà jẹ́ aláǹgbá ló rí, Jẹ́jẹ́ á gbójú sókè wá ọwọ́ aránṣọ. Kì í rí i. Aránṣọ á ti fi aṣọ sílẹ̀ sábẹ́ abẹ́rẹ́, á ti wà níta, á máa wò yíká.