Ohun Tó Ń Dá Wáípà Dúró

Ọláoyè fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ọkọ̀, orí rẹ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ síta lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú. Òógùn ń ṣàn wọ̀ ọ́ létí. Lókè orí rẹ̀, wáyà pupa, wáyà dúdú àti wáyà aláwọ̀ ewé lọ́ mọ́ ara wọn bí ìfun ewúrẹ́, wáípà sì ń lọ, ó ń bọ̀ lórí gíláàsì iwájú láìsinmi, bí ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Dúró," ó sọ ọ́ mọ́ tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. "Ṣebí o máa ń dúró. Dúró wàyí."

Wáípà kò dúró.

Pijó 504 náà dàgbà ju Jemimah, àkọ́bí rẹ̀, lọ. Ìgbà tí Ọláoyè ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ akọ̀wé ìjọba ní Èkó ló rà á. Òun náà ló fi kó ìyàwó àti ẹrù wá sí Àbújá nígbà tí ìjọba ń ṣí bọ̀, òun ló sì ń gbé e lọ sílé ní Kábbà lọ́dọọdún. Ní báyìí tó ti fẹ̀yìn tì sí àdúgbò Lugbe níbẹ̀, àwọn ará àdúgbò kò mọ orúkọ rẹ̀ tó bí wọ́n ti mọ ọkọ̀ rẹ̀. Bàbá Oní-Pijó ni wọ́n ń pè é.

Òjò ló bá a jà. Lóṣù tó kọjá, ó ń bọ̀ láti Kabusa, òjò ńlá ká a mọ́ ojú ọ̀nà, wáípà sì kú lójijì. Omi da bo gíláàsì. Kò rí títì, kò rí ẹ̀bá títì. Kí ọkọ̀ tó dúró, ó ti gun ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ti wó tábìlì obìnrin kan tó ń sun àgbàdo tà. Sàídátù lorúkọ obìnrin náà. Bí kì í bá ṣe pé ó tètè fò sínú gọ́tà, ọ̀rọ̀ ìbá di nǹkan mìíràn.

"Kai! Bàbá!" Sàídátù ń pariwo, ẹrẹ̀ yí i láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé ẹ ò ríran ni?"

"Wáípà ló dúró," ni Ọláoyè wí bó ti ń bọ́ sílẹ̀. "Ó ṣàdédé dúró."

Ọlọ́kadà kan tó yà síbẹ̀ nàka sí ọkọ̀. "Wáípà wo, Bàbá? Èyí tó ń ṣiṣẹ́ yìí?"

Ọláoyè yíjú padà. Wáípà ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń gbá omi dànù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti rí oorun sùn mọ́. Mẹkáníìkì wọn, Festus, wá, ó pààrọ̀ fíúsì, ó tú mọ́tò wáípà wò, ó tan án títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò dúró lẹ́ẹ̀kan. Ọláoyè gbọ́ ohun tí Festus sọ fún Jemimah lẹ́yìn fèrèsé: "Àǹtí, kò sí nǹkan kan tó ṣe ọkọ̀ yìí o. Ẹ mójú tó Bàbá."

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Festus ló dùn ún. Ohun tó ń já a láyà ni pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe bẹ̀rẹ̀ lára Ọbayẹmí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kábbà. Ọbayẹmí á ní òun ti ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn á sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Á ní òun kò tíì jẹun, àwo ọbẹ̀ á wà níwájú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó wo ojú ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀, ó ní ta ni bàbá ẹ. Ohun tó ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Bí orí ẹ̀gbọ́n bá lè tan ẹ̀gbọ́n jẹ, kí ni kò ní jẹ́ kí ti àbúrò ṣe bẹ́ẹ̀?

Lónìí, Jemimah ń bọ̀. Ó ti pè láàárọ̀, ó fi ohùn tí èèyàn fi ń tu ọmọdé nínú sọ̀rọ̀. "Dádì, tí mo bá dé nírọ̀lẹ́, ẹ ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yẹn. Mo sì ti bá dọ́kítà kan sọ̀rọ̀ fún yín." Ọláoyè ní kò burú. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó jáde lọ bá Pijó.

"Bàbá Jemimah, ẹ jáde níbẹ̀, ẹ wá jẹun."

Felicia, ìyàwó rẹ̀, ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Láti ọjọ́ Kabusa ni obìnrin yìí ti ń rìn tẹ̀lé e káàkiri ilé. Bó bá kúrò ní ilé ìdáná, Felicia á yọ́ lọ wò ó bóyá ó pa gáàsì. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń ṣe é.

"Ìyá Jemimah, bá mi jókòó síbi sítíárì," ni Ọláoyè wí, ó ń fa ara rẹ̀ jáde. "Kí o máa tan wáípà, kí èmi lè wo wáyà láti ẹ̀gbẹ́ kejì."

Felicia fà sẹ́yìn. Nígbà kan tí Ọláoyè fẹ́ kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà ní Gáàkì l'Àbújá, inú ọgbà ẹlòmíràn ló já sí, láti ìgbà náà ni kò ti jókòó síbẹ̀ mọ́. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó rí okùn, á sá.

"Kò níí lọ?"

"N ò tan ẹ́ńjìnnì. Bátìrì nìkan ló ń lò."

Ó wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárì mú bí ẹni tó fẹ́ kó sódò. Ọláoyè yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó kúnlẹ̀, ó ní kó tan án. Wáípà gbéra. Ó lọ, ó bọ̀.

Ó dúró sáàárín gíláàsì.

Ọláoyè gbójú sókè. "Kí lo ṣe?"

"N ò ṣe nǹkan kan o!" Felicia gbé ọwọ́ sókè, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó fẹ́ sá jáde. Bó ti gbéra báyìí, wáípà tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn méjèèjì ń wò ó.

"Ìyá Jemimah," ni Ọláoyè wí, "ṣé ìwọ náà rí i?"

"Mo rí i."

"Ó dúró?"

"Ó dúró. Ojú mi yìí ni mo fi rí i."

Ọláoyè sáré yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní kó ṣe gbogbo ohun tó ṣe tẹ́lẹ̀. Felicia di sítíárì mú, ó sì na ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀.

Wáípà kú.

"Ta ló ní kí o tẹ bíréèkì?"

"Ẹ̀rù ló bà mí! Mo ní kó má baà lọ ni."

Ọláoyè tan iná sábẹ́ ibẹ̀. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, oníṣẹ́ iná ọkọ̀ kan fa wáyà tuntun lọ síbi wáípà, ó sì fi okùn so ó sókè. Okùn ti já. Wáyà ti sọ̀ kalẹ̀, ó kọ́ ọrùn bíréèkì. Bí èèyàn bá rọra tẹ bíréèkì, kò sí nǹkan kan. Bó bá tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, bíréèkì á fa wáyà, ojú ibi tí wọ́n ti fi ọwọ́ lásán lọ́ ọ pọ̀ á là. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, wọ́n á tún fẹnu kan ara wọn.

Ìgbà náà ló wá rántí. Ṣáájú ibi tí Sàídátù ń tajà, òkìtì kan wà lójú ọ̀nà tí wọ́n fi ń dín eré ọkọ̀ kù. Ó ti sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí kó tó rí i. Ó tẹ bíréèkì kanlẹ̀. Nígbà tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ lọ bẹ obìnrin náà, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Inú bónẹ́ẹ̀tì sì ni Festus ki orí bọ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló máa ń tẹ bíréèkì nínú ọkọ̀ tó wà lójú kan?

Ó gé ojú wáyà náà, ó ha á kó mọ́, ó lọ́ ọ le, ó fi téèpù dì í, ó so ó mọ́ òkè pátápátá. Felicia ló ń tan tọ́ọ̀ṣì fún un. Nígbà tí Ọláoyè gbójú sókè, omijé ń dà lójú obìnrin náà.

"Kí ló dé?"

"Mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ irọ́ lẹ̀ ń pa fún wa," ni Felicia wí. "Mo ní kó jẹ́ pé eré lẹ sá, ẹ wá ń di ẹ̀bi ru wáípà. Irọ́ sàn ju ohun tó wà lọ́kàn mi lọ."

Ọláoyè nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Èmi náà ò gba ara mi gbọ́ mọ́."

Felicia ló pe Jemimah. Kò kí i, kò béèrè ọmọ. "Ọkọ̀ ni o! Jemimah, ọkọ̀ ni! Kì í ṣe bàbá ẹ!" Lẹ́yìn náà ló na fóònù sí ọkọ rẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kí lo ṣe tí n ó fi bínú? Má fagi lé ti dọ́kítà yẹn o. Kó bá mi wo ojú mi. Mo ti dàgbà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ wáípà nìkan."

Jemimah bú sẹ́rìn-ín, ẹkún wà nínú ẹ̀rín náà. Kò sọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ mọ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ojú ọ̀run ṣú. Ọláoyè wọ bàtà. Felicia béèrè ibi tó ń lọ, ó ní òun fẹ́ fi òjò dán iṣẹ́ ọwọ́ òun wò. Ó rò pé yóò bẹ òun kí òun dúró. Felicia lọ mú gèlè ni.

Òjò bá wọn ní ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kán ńláńlá, kó tó pẹ́, kò sí òkè, kò sí ilẹ̀, iná ẹ̀yìn ọkọ̀ iwájú nìkan ló kù. Ọláoyè wo ẹ̀yìn, kò sí ọkọ̀ nítòsí. Ó tẹ bíréèkì kanlẹ̀. Wáípà ń lọ, ó ń bọ̀. Ó tún un tẹ̀. Wáípà kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ara rẹ̀ tú pẹ̀sẹ̀, ó fẹ́ wí fún Felicia pé kó wò ó.

Felicia ti sùn. Ó gbé orí ti ilẹ̀kùn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, gèlè ti yẹ̀ sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà gbẹ̀rẹ́ lórí itan. Nínú òjò ńlá, lójú ọ̀nà márosẹ̀, obìnrin tó ti ń ṣọ́ ọ láti ọjọ́ Kabusa ń hanrun.

Ọláoyè kò jí i. Ó kọjá ibi tó yẹ kó ti ṣẹ́rí padà, ó ń rọra wà á lọ.